Ògiri Tó Lanu: Bí Àpáta Ṣe Ń Fọ́ Nígbà Tí A Bá Gbá A Lójijì

Ìpàdé ìparí oṣù àwa ọmọ Yorùbá tó wà ní Kubwa, Àbújá, ni mo ti sọ ọ̀rọ̀ yìí. Mo tún un kọ fún àwọn tí kò ráyè wá. Mo yọ díẹ̀ nínú àwàdà ibẹ̀ kúrò, mo sì fi ìbéèrè tí wọ́n bi mí sí ìparí.

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ jókòó sẹ́yìn tí ẹ ń tẹ fóònù, ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Alága ní kí n má lò ju ogójì ìṣẹ́jú lọ, nítorí ọ̀rọ̀ owó ilé ìpàdé ṣì wà nílẹ̀. Mo gbọ́.

Kí n tó sọ ohunkóhun, ẹ gba kúlíkúlí yìí. Ọjà Dei-Dei ni mo ti rà á láàárọ̀. Kí olúkúlùkù mú ẹyọ kan, èyí tó gùn bí ìka ọwọ́. Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú, kí ẹ rọra tẹ̀ ẹ́. Ó dá sí méjì, àbí? Ẹ máa jẹ tiyín lọ. Èmi gbé tèmi sórí tábìlì, mo sì fi ọmọ odó gbá a lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. (Níbi yìí ni kúlíkúlí ti fò lu agbádá akọ̀wé.) Ẹ bá mi ka iye tó dá sí. Kò ṣeé kà. Ẹ̀pà kan náà ni, ọwọ́ ìyá kan náà ló sì dín in. Ohun tó yàtọ̀ kò ju bí agbára ṣe yára dé ara rẹ̀ lọ.

Iṣẹ́ mi nìyẹn. Ó lé ní ogún ọdún tí mo ti ń wo bí àpáta ṣe ń fọ́: ọdún mẹ́sàn-án àkọ́kọ́ nínú kúárì, ìyókù nídìí kọ̀ǹpútà, níbi tí a ti ń fi ìṣirò fọ́ àpáta kí a tó fọ́ ọ lójúkojú.

Gbogbo wa la mọ̀ pé àpáta le. Giranáìtì, akọ òkúta, òun àti àwọn ẹbí rẹ̀ ló wà lábẹ́ ibi tí a jókòó sí yìí, àwọn ló sì yọ orí sókè káàkiri Àbújá, bí irú wọn ṣe yọ orí ní Ìdànrè nílé. Èyí tí òjò àti oòrùn kò tíì jẹ lára rẹ̀ lè gba ìtẹ̀ tó tó 100 sí 250 MPa kó tó fọ́. Kí MPa yẹn (megapascal, òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn ìtẹ̀) má dẹ́rù bà yín. 200 MPa dà bí ìgbà tí ẹ gbé jíìpù tọ́ọ̀nù méjì lé orí ohun tí kò fẹ̀ ju èékánná ọmọdé lọ. Búlọ́ọ̀kù tí a fi ń kọ́lé, MPa mélòó kan péré ni agbára tirẹ̀. Ṣùgbọ́n títẹ̀ ni mo ń sọ o. Bí ẹ bá fa àpáta yẹn bí ẹni fa okùn, kì í sábà ju ìdá mẹ́wàá iye yẹn lọ tó fi ń já. Ó dà bí alágbàrù tó lè ru àpò sìmẹ́ńtì láti àárọ̀ dé alẹ́, tó jẹ́ pé bí o bá fà á lápá, apá á yọ.

Kí ló fà á? Àwọn àgbà ti dáhùn: bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ọ́. Ní 1921, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, A. A. Griffith, tó ń ṣiṣẹ́ lórí ọkọ̀ òfuurufú, tẹ ìwé kan jáde lórí gíláàsì. Ó fa gíláàsì di fọ́nrán, ó wá rí i pé bí fọ́nrán náà bá ṣe tín-ín-rín tó ni agbára rẹ̀ ń pọ̀ sí i tó, nítorí kò sí àyè fún ìsán ńlá nínú fọ́nrán kékeré. Kì í ṣe gíláàsì ló ń dá gíláàsì. Ẹnu kékeré tó ti là sára rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni. Àpáta kún fún irú ẹnu bẹ́ẹ̀, láàárín hóró kan àti òmíràn, ọ̀pọ̀ wọn ni ojú lásán kò sì lè rí. Bí o bá tẹ àpáta, púpọ̀ nínú àwọn ẹnu náà á pa dé. Bí o bá fà á, wọ́n á yà.

Títí dé ibẹ̀, ọ̀rọ̀ agbára tó dé díẹ̀díẹ̀ ni. Ní ọ̀pọ̀ ibi nílẹ̀ wa, ẹ óò rí àwọn tó ń jó táyà àtijọ́ lórí àpáta títí yóò fi bó bí èèpo àlùbọ́sà, tí wọ́n á wá fi òòlù là á. Ìyà tó ń rọra jẹ àpáta nìyẹn: ara rẹ̀ gbóná, ó wú, abẹ́ rẹ̀ kò wú bákan náà, wọ́n yà kúrò lára ara wọn. Ẹni tó ń ṣe é ní gbogbo ọjọ́ láti dúró. Ohun abúgbàù kò ní ọjọ́. Láàárín ìdá ẹgbẹ̀rún mélòó kan ìṣẹ́jú àáyá, gbogbo rẹ̀ ti parí.

Ẹ wo bọ́ọ̀sì tó kún fọ́fọ́ tó ń lọ sí Nyanya. Bó bá dúró ní ibùdókọ̀, ẹnu ọ̀nà kan náà ni gbogbo èrò máa ń gbà sọ̀kalẹ̀. Ẹni kan bọ́ sílẹ̀, àyè ṣí fún ẹni tó tẹ̀ lé e, kò sí ẹni tó ń ronú kan fèrèsé. Ṣùgbọ́n bí èéfín bá yọ lábẹ́ ìjókòó lójijì, kò sẹ́ni tó ń dúró de ẹnu ọ̀nà mọ́. Fèrèsé ọ̀tún á fọ́, ti òsì á fọ́, àní èyí tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ pé ó lè ṣí. Bí àpáta ṣe ń ṣe nìyẹn. Nígbà tí agbára bá rọra dé, ìsán tó gùn jù lọ ló ń kọ́kọ́ ṣí, bó bá sì ti ṣí, ara á tu àwọn tó kù, wọn kò ní ìdí láti ṣí mọ́. Nígbà tó bá dé lójijì, agbára ti ga kọjá ohun tí ìsán ńlá náà lè gbà kí ó tó ráyè là tán, kí ìròyìn pé ó ti là sì tó dé ọ̀dọ̀ àwọn kékeré. Àwọn náà á jí. Èyí ló fà á tí àpáta fi ń dà bí ẹni pé ó le sí i bí a bá gbá a kíákíá, òun ló sì fà á tó fi ń fọ́ sí wẹ́wẹ́.

Ìròyìn yẹn ní iyára tirẹ̀. Ìgbì ni ó ń gbé e, nínú giranáìtì tó dára ó sì ń sá tó kìlómítà 5 tàbí 6 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Láti Kubwa títí dé Wuse, kò ní tó ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún. (Ní àárọ̀ Mọ́ńdè, wákàtí kan ààbọ̀ ni tèmi.) Ìsán fúnra rẹ̀ kì í sáré tó bẹ́ẹ̀; nínú giranáìtì kì í lè kọjá nǹkan bí kìlómítà 3, nígbà púpọ̀ ni kì í sì í tó o. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé agbára àpáta yìí jẹ́ báyìí, tí kò sọ bí òun ṣe yára gbá a tó, kò tíì sọ nǹkan kan.

Báwo la ṣe ń wọn ohun tó yára bẹ́ẹ̀? Ní 1914, Bertram Hopkinson, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Cambridge, mú ọ̀pá irin gígùn, ó fi agbára mágínẹ́ẹ̀tì lẹ irin kúkúrú mọ́ ìdí rẹ̀, ó sì yìnbọn lu orí kejì. Ìgbì gba inú ọ̀pá kọjá, irin kúkúrú náà sì fò yọ, bó ṣe fò ló fi mọ bí ìgbì náà ṣe rí. Ní 1949, Herbert Kolsky lo ọ̀pá méjì, ó sì ki ohun tó fẹ́ dán wò sáàárín wọn. Ohun tí a ṣì ń lò títí di òní nìyẹn. Apá kan ìgbì á padà sẹ́yìn, apá kan á la àpáta kọjá sínú ọ̀pá kejì, a ó fi okùn wáyà kékeré tó lẹ̀ mọ́ ọ̀pá ka méjèèjì. Ìgbì tó padà ń sọ bí àpáta ṣe ń sún kì. Èyí tó kọjá ń sọ agbára tó gbé.

Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i. Àpáta tó gùn ní mìlímítà 50, ìgbì ń gba ìdá mẹ́wàá nínú mílíọ̀nù kan ìṣẹ́jú àáyá láti la inú rẹ̀ kọjá. Ó gbọ́dọ̀ lọ kó bọ̀ lẹ́ẹ̀mélòó kan kí iwájú àti ẹ̀yìn àpáta tó gba ìyà kan náà. Bó bá fọ́ kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, òǹkà tó wà lójú kọ̀ǹpútà yẹn kò ní ìtumọ̀. Àpáta kì í sì í sún kì púpọ̀ kó tó fọ́, kì í tó ìdá ọgọ́rùn-ún kan. A máa ń fi àwo kọ́pà pẹlẹbẹ sí ẹnu ọ̀pá kí ìgbì lè rọra gòkè. Owó kékeré ni kọ́pà yẹn, ó sì ti gba ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ìwádìí lọ́wọ́ ìtìjú.

Irin kúkúrú tó fò yọ yẹn náà ni àṣírí kúárì. Ẹ tò sórí ìlà bí ọmọ iléèwé, kí ẹni ẹ̀yìn ti ẹni tó wà níwájú rẹ̀. Títì náà á máa lọ láti ẹ̀yìn ẹnì kan dé ẹ̀yìn ẹlòmíràn, ẹni tó wà níwájú pátápátá kò sì ní ẹni tí yóò tì. Òun ló ń ṣubú. Bí ìgbì títẹ̀ bá dé ojú àpáta tó ṣí sí afẹ́fẹ́, kò rí ohun tí yóò tẹ̀ mọ́, ó á yí padà di ìgbì fífà, ẹ sì ti gbọ́ bí àpáta ṣe rí sí fífà. Ojú àpáta á bó kúrò láti iwájú, nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀yìn ni a ki ohun abúgbàù sí. Lẹ́yìn náà ni gáàsì gbígbóná á wọ inú àwọn ìsán, á sì fẹ̀ wọ́n.

Wàyí o, àwòṣe. Àwòṣe ìṣirò kì í ṣe àwòrán àpáta. Òfin tí a kọ fún kọ̀ǹpútà ni, pé bí a bá tẹ̀ ọ́ tó báyìí, sún kì tó báyìí. Bó bá kọjá ibí, fọ́. Coulomb, ẹnjiníà ará Faransé, ti kọ irú òfin bẹ́ẹ̀ láti 1773: ohun méjì ló di òkúta mú, lílẹ̀ mọ́ ara ẹni àti fífi ara gbo ara. Fún ògiri tó dúró jẹ́ẹ́, òfin yẹn ṣì ń ṣiṣẹ́. Fún ìbúgbàù, a nílò òfin tó mọ̀ nípa àkókò. Ọ̀kan tí ọ̀pọ̀ wa ń lò ni ti Johnson àti Holmquist, 1994. Àwo amọ̀ líle tí wọ́n fi ń dá ọta ìbọn dúró ni wọ́n ṣe é fún, a kàn yá a lò fún àpáta ni. Nínú rẹ̀, ègé àpáta kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà ìbàjẹ́ kan, láti 0 títí dé 1. Ní 0, odidi ni. Ní 1, yangí ni, kò lè gba fífà kankan mọ́, ṣùgbọ́n yangí ṣì lè gba títẹ̀ bí ohun tó yí i ká bá há a mọ́. Láàárín méjèèjì, agbára rẹ̀ ń sọ̀kalẹ̀. Òfin náà tún mọ̀ pé àpáta tó fọ́ ń gba àyè ju odidi lọ, ohun tí gbogbo awakọ̀ típà tó ti gbé granite láti kúárì mọ̀ láìka ìwé.

Ibi tí mo ti kọ́gbọ́n lọ́nà líle nìyí. Òfin yẹn ní ẹ̀rọ kékeré kan nínú tó ń fi kún agbára àpáta bí a bá ṣe gbá a kíákíá tó. Mo mú òǹkà láti inú ìdánwò ọ̀pá irin méjì ti Kolsky, mo fi kún un. Ohun tí n kò rò ni pé nínú ìdánwò yẹn, kì í ṣe gbogbo agbára tó fi kún un ló jẹ́ ti àpáta. Bí a bá tẹ ohun kan kíákíá, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fẹ́ wú síta, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ wúwo, kò lè sún kíákíá; ìwúwo tirẹ̀ fúnra rẹ̀ á há a mọ́, bí ẹni tí èrò yí ká tí kò lè ṣubú. Kọ̀ǹpútà mi ti ka ìwúwo yẹn tẹ́lẹ̀, nítorí pé òun fúnra rẹ̀ ń ṣírò bí gbogbo nǹkan ṣe ń rìn. Mo wá tún kà á lẹ́ẹ̀kejì nínú òfin. Àpáta inú kọ̀ǹpútà mi wá le ju àpáta Ọlọ́run lọ.

Mo lọ bá àwọn kúárì kan lójú ọ̀nà Kaduna, mo ní kí wọ́n fi kún ohun abúgbàù wọn. Wọ́n gbà mí gbọ́, torí pé àwòrán tí mo gbé wá ní àwọ̀ pupa àti àwọ̀ búlúù. Òkúta fò kọjá ibi tí a ní kí ènìyàn sá dé, ọ̀kan já páànù òrùlé ibi tí wọ́n ti ń wọn tírélà. Ọlọ́run ló kó wa yọ, akọ̀wé ibẹ̀ ti jáde lọ kírun. Láti ọjọ́ yẹn, bí ẹnikẹ́ni bá gbé àwòrán aláwọ̀ mèremère wá bá mi, ohun tí mo kọ́kọ́ ń bi í ni pé: ẹ̀ẹ̀melòó lo ka ìwúwo?

Àṣìṣe kejì, mi ò fẹ́ kí ó pẹ́, ṣùgbọ́n ó dùn mọ́ mi. Láti ṣírò, a máa ń da àwọ̀n bo àpáta, kọ̀ǹpútà á wá ṣírò ojú àwọ̀n kọ̀ọ̀kan. Ẹ óò rò pé bí ojú àwọ̀n bá ṣe kéré tó ni ìdáhùn á ṣe péye tó. Fún ohun tí kì í fọ́, bẹ́ẹ̀ ni. Fún ohun tó ń fọ́, bí a kò bá ṣọ́ra, ìfọ́ náà á kó gbogbo ara rẹ̀ sínú ìlà ojú àwọ̀n kan ṣoṣo; bó bá ṣe tín-ín-rín tó, bẹ́ẹ̀ ni agbára tí ó ná láti fọ́ á ṣe kéré tó, títí àpáta á fi máa fọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Kò sí ohun tó ń fọ́ lọ́fẹ̀ẹ́ láyé yìí. Nítorí náà, a máa ń so òfin mọ́ iye agbára tí ojú ìsán kan ń ná gan-an, kí ojú àwọ̀n má bàa paṣẹ fún àpáta.

Àwọn kan kúkú ju àwọ̀n nù. Ní 1971, Peter Cundall ní kí a ka àpáta sí òkúta tó dá dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tí wọ́n ń ti ara wọn. Lẹ́yìn náà wọ́n kọ́ bí a ṣe ń lẹ̀ wọ́n pọ̀, kí a wo ibi tí ìlẹ̀mọ́ á ti já. Kúlíkúlí gan-an nìyẹn. Ní 2000, Stewart Silling kọ ìṣirò tuntun tí ẹnu ìsán kò ní dí lọ́wọ́, nítorí ìṣirò àtijọ́ kì í mọ ohun tí yóò ṣe bó bá dé etí ọ̀gbun. Méjèèjì dára, méjèèjì sì ń jẹ kọ̀ǹpútà bí eéṣú ṣe ń jẹ oko. Ìṣirò irú èyí gbọ́dọ̀ máa rìn ní ìṣísẹ̀ tó kéré ju àkókò tí ìgbì fi ń la ojú àwọ̀n kan kọjá. Bí ojú àwọ̀n bá jẹ́ mìlímítà kan, ìṣísẹ̀ kan kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mílíọ̀nù márùn-ún ìṣẹ́jú àáyá lọ. Fún ohun tó ṣẹlẹ̀ fún ìdá ọgọ́rùn-ún kan ìṣẹ́jú àáyá, ìṣísẹ̀ 50,000 nìyẹn. Bí àpáta náà bá gùn ní mítà márùn-ún, tó fẹ̀ tó sì ga bẹ́ẹ̀, ojú àwọ̀n bílíọ̀nù 125 ni. Ẹ wá fi iná tó ń lọ tó ń bọ̀ sí i. Ojú àwọ̀n tèmi, sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá ni. 125,000 péré, ó sì ń parí kí bátìrì ínfátà tó kú.

Ìbéèrè pọ̀, ẹyọ kan ni mo fẹ́ kọ síbí. Màmá kan tó ń gbé ní Mpape dìde. Ó ní: “Ọmọ mi, o ṣeun. Láti ìgbà tí ilẹ̀ ti mì ní oṣù Kẹsàn-án 2018 ni àyà mi ti máa ń já bí kúárì bá ti yìn ín. Ògiri yàrá mi sán. Ṣé àwọn ni?”

Mo ní, Màmá, mi ò lè dájọ́ ògiri tí mi ò rí. Ṣùgbọ́n a máa ń wọn bí ilẹ̀ ṣe ń yára mì, a kì í wo ariwo. Iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí iwakùsà nígbà náà sọ ní 1980 pé bí ìmìtìtì náà bá ń lọ tó ń bọ̀ lọ́ra, kò yẹ kí iyára ilẹ̀ kọjá mìlímítà 12.7 ní ìṣẹ́jú àáyá kan fún ilé tí wọ́n fi pílásítà rẹ́. Ohun tó sì ń pinnu rẹ̀ kì í ṣe àpapọ̀ ohun abúgbàù tí wọ́n lò lọ́jọ́ yẹn. Iye tó bú lẹ́ẹ̀kan náà ni, àti bí ilé ṣe jìnnà tó. Wọ́n lè pín in sí ihò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí ìdá ẹgbẹ̀rún mélòó kan ìṣẹ́jú àáyá wà láàárín ihò kan àti èkejì; èyí ni kí ẹ bi wọ́n. Kí ẹ sì mú pẹ́ńsù, kí ẹ fa ìlà sí ìdí ibi tí ìsán náà parí sí, kí ẹ kọ ọjọ́ sí i. Bó bá kọjá ìlà lẹ́yìn tí wọ́n yìn ín, ẹ ti ní nǹkan tí ẹ lè fi hàn. Bó bá ń kọjá nígbà ọyẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò yin nǹkan kan, ìpìlẹ̀ ni kí ẹ lọ wò.

Ó dúpẹ́, kò sì jókòó. Ó ní: “Ó ku ẹyọ kan. Ajá mi máa ń gbó kí ó tó dún. Wọ́n ní ó ń rí nǹkan.”

Ibi ìpàdé bú sẹ́rìn-ín. Mo bi í bí kúárì ṣe jìnnà tó. Ó ní bíi kìlómítà kan ààbọ̀. Mo ní inú afẹ́fẹ́, ariwo ń sá ní nǹkan bí mítà 340 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, yóò gba ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin lọ kó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Ìgbì tó gba inú àpáta ti dé láàárín ìdá mẹ́ta ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ̀yin wà lórí àga, tẹlifíṣọ̀n ń ké. Ajá sùn, ó fi àyà lé ilẹ̀.

Ó ní, “Ajá mi kì í ṣe wòlíì nìyẹn.” Alága ní ogójì ìṣẹ́jú ti pé.